Lámilámi Tín-ín-rín Inú Àkùrọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oògùn tí à ń fín sóko àti omi wa. Kòkòrò kékeré kan ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé náà.

Kò sí ẹni tí kò mọ lámilámi nínú wa. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni. Èyí tí ó sanra máa ń na apá rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja nígbà tí ó bá bà. Èkejì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, bí púpọ̀ nínú wọn bá sì bà, wọn yóò pa apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sẹ́yìn. Nínú àwọn tín-ín-rín yìí, ọ̀kan wọ́pọ̀ gan-an ní àbàtà àti àkùrọ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà títí dé Gúúsù. Ìdí akọ rẹ̀ pọ́n bí epo, ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Abo kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Burmeister, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ní 1839. Ceriagrion glabrum ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Fífò tí à ń rí i tí ó ń fò yẹn, ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni. Inú omi ló ti dàgbà.

Bí àkókò ẹyin bá tó, akọ yóò fi ìdí rẹ̀ di abo mú lọ́rùn, àwọn méjèèjì yóò sì jọ fò lọ síbi tí koríko ti yọrí nínú omi. Abo yóò dá ihò sára igi koríko náà, yóò sì máa ki ẹyin bọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ kò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi parí. Ẹ̀yin ìyá, mo rí i pé ẹ ń wo àwọn ọkọ yín! Ẹ má tíì yìn ín: ó ń ṣọ́ ọ kí akọ mìíràn má baà gbà á ni.

Ọmọ tí ó bá jáde nínú ẹyin kò ní apá. Ewé pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà ní ìdí rẹ̀ tí ó fi ń mí nínú omi. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká mọ́ abẹ́ orí bí apá ènìyàn. Yóò dúró jẹ́ẹ́ lára koríko. Bí tanwíji bá ń jù kọjá, yóò na ètè náà jáde wàrà, ó ti gbá a mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò bọ́ awọ. Nígbà tí ó bá gbó, yóò gun igi koríko jáde kúrò nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò là, lámilámi yóò sì yọ.

N kò sọ pé yóò pa ẹ̀fọn tán. Tanwíji inú agolo àti ìkòkò ẹ̀yìnkùlé wa, àti ti ojú ẹsẹ̀ màlúù tí omi dúró sí, kò kan lámilámi. Àwa ni kí a da omi wọn nù. Ṣùgbọ́n nínú àkùrọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe fún wa láìgba owó.

Ohun méjì ni kò lè ṣe aláìní: koríko tí ó dúró nínú omi, àti omi tí kò ní májèlé. Ẹni tí ó bá ro ewébẹ̀ títí kan omi, tí kò ṣẹ́ koríko kan kù, ti gba ibi tí yóò yé ẹyin sí àti àkàbà tí yóò gùn jáde.

Ti májèlé ló dùn mí jù. Ẹ̀yin àgbà rántí Gammalin 20 tí a fi ń pa kòkòrò ara kòkó. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pẹja. Lindane tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní 2009 pé kí a má lò lóko mọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí a fi rọ́pò rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn tó láti pa kòkòrò inú omi. Síbẹ̀, bí a bá fín kòkó tán, odò la ń gbé páǹpù lọ fọ̀, nítorí omi wà níbẹ̀. Omi kan náà ni àwọn ọmọ wa ń pọn nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a pọn omi wá sóko. Kí a fọ páǹpù níbẹ̀, kí a sì da omi ìfọ̀ náà sí ìdí igi tí a ti fín tẹ́lẹ̀, níbi tó jìnnà sódò. Létí àkùrọ̀, kí olúkúlùkù fi koríko sílẹ̀ ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó kéré tán. Mo bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó gbé e ka iwájú ìpàdé kí fífín ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yan ibi ìfọ̀ páǹpù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.