Ọ̀dá Owó àti Eré Orí Ìtàgé ní Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni ó dá lé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí ọ̀dá owó bá dá, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí eré orí ìtàgé ní àwọn Yunifásítì wa, ta ni ó sì yẹ kí ó dìde sí i?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó rọrùn. Ní 1962 ni a dá Ilé Ẹ̀kọ́ Eré sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọwọ́ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá òṣèré alárìnkiri, lọ bá wọn gbé níbẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1963, eré Ọ̀mùtí, tí a mú jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá, bọ́ sórí ìtàgé Yunifásítì náà. Ní Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Yunifásítì dá ibùdó Orí Olókun sílẹ̀ ní 1968, láàárín ìlú, kì í ṣe nínú ọgbà àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún náà gan-an ni Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame jáde níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé, ní ibi méjèèjì, ọ̀mọ̀wé àti ará ìlú ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni owó epo dé. Ìjọba kọ́ ilé eré ńlá sí Ìgànmú ní Èkó, a sì ṣe FESTAC ní 1977. Ṣùgbọ́n owó epo kò dúró pẹ́. Ní 1982, ìjọba Shehu Shagari ṣe òfin ìsúnnáwó. Ní 1986, iye tí a ń ta epo já wálẹ̀ púpọ̀, ìjọba Babangida sì gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP kalẹ̀. Náírà 1, tí ó ju dọ́là 1 lọ díẹ̀ ní 1985, rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi bí náírà 4 ra dọ́là 1 nígbà tí 1987 ń parí lọ.

Báwo ni ìyà náà ṣe dé orí ìtàgé? Ọ̀nà mẹ́rin ni. Èkínní, ibi tí ẹnikẹ́ni kì yóò ti pariwo ni a kọ́kọ́ ń gé. Bí a kò bá san owó oṣù, àwọn olùkọ́ yóò yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n eré tí a kò ṣe kò ní agbẹjọ́rò. Èkejì, òkè òkun ni iná ìtàgé àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń wá owó oúnjẹ kì í ní owó ìwọlé, ìbẹ̀rù olè kò sì jẹ́ kí ó fẹ́ rìn lóru. Ẹ̀kẹrin, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kó ẹrù wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Kò tí ì tán. Ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wa tún súnkì ní 2016 àti ní 2020. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì gba oṣù 9 ní 2020, ó sì gba oṣù 8 ní 2022. Ìwé tí a kò tẹ̀ lónìí, a lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dún mìíràn. Ṣùgbọ́n eré kì í sùn sínú àpótí. Bí ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jáde láìtẹ ìtàgé, kí ni wọn yóò fi kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ jẹ́ kí a jẹun ná. Èmi kò bá a jà. N kò ní kí a mú owó oògùn aláìsàn wá fi ra aṣọ eré. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó jẹ irúgbìn rẹ̀ nígbà ìyàn, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀? Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti sinimá wa lónìí, orí ìtàgé Yunifásítì ni wọ́n ti mọ iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Ìbàdàn, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí àwọn eégún alárìnjó, fi hàn pé ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ọba ni ó kọ́kọ́ gbè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò dúró de ọwọ́ ọba nìkan. Wọ́n ń ti ìlú dé ìlú, àwọn òǹwòran sì ń ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àpò ará Amẹ́ríkà ni ìtàgé Ìbàdàn kọ́kọ́ gbára lé, lẹ́yìn náà àpò ìjọba. Nígbà tí epo sì jábọ́, òun náà jábọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo gbé síwájú Ẹgbẹ́. Ìkínní ni pé kí a dá àpò kan sílẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dẹ̀ wá lọ́rùn, kí a má ṣe fọwọ́ kan ojú owó, bí kò ṣe èrè rẹ̀ nìkan. Kí a má sì fi í pamọ́ ní owó lásán, nítorí ọ̀wọ́n gógó a máa jẹ ẹ́. Kí a fi ra ilẹ̀ àti ilé tí a lè fi háyà. Ìkejì ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa pe àwọn òṣèré Yunifásítì kan sí ojúde ọba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó bọ́ wọn, kí ó sì san owó ọkọ̀ wọn. Ìkẹta jẹ́ ti àwọn Yunifásítì: kí wọ́n máa ṣe eré ní èdè tí ìyá ọlọ́jà gbọ́, kí wọ́n sì máa fi ìṣirò owó hàn ní gbangba. Ẹni tí a kò bá dá lára yá kì yóò dáwó.

Bí Ẹgbẹ́ bá gbà á, ẹ jẹ́ kí a yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kí a tó túká lónìí, kí wọ́n sì jábọ̀ fún wa ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.