Irin Tó Le Jù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ìbà)



Ẹ tẹ wáyà síwá sẹ́yìn: yóò kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà yóò ṣẹ́. Ohun tó jọ ọ́ ń ṣe ìkòkò irin ńlá tó gba yuréníọ̀mù sínú nílé iṣẹ́ iná átọ́míìkì, láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ègé tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní nútírọ́ọ̀nù ní ń ta jáde, tí ń gbá átọ́ọ̀mù irin kúrò láyè wọn, bí èrò ṣe ń ti ẹni tó tò kúrò lórí ìlà ní Ìyànà-Ìbà. Àyè ṣófo níhìn-ín, átọ́ọ̀mù há mọ́ra lọ́hùn-ún. Kí irin tó lè tẹ̀, ìpele átọ́ọ̀mù rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí ara wọn. Ìdàrúdàpọ̀ yìí kì í jẹ́. Irin náà le sí i, ṣùgbọ́n ńṣe ni yóò sán. Èmi náà ti rò rí pé irin tó le jù ló dára jù!

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó ègé irin kan náà sínú ìkòkò ọ̀hún, tí wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí wọ́n ń fi òòlù ẹ̀rọ ṣẹ́ ẹ wò. Iyèméjì lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró ní Yankee Rowe, l'Amẹ́ríkà, ní 1991; ní 1992 wọ́n pinnu láti tì í pa. Ní Àméníà, ní 2021, ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni wọ́n lò: wọ́n yan ìkòkò náà nínú ooru kí irin lè rọ̀ padà.

Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Zaria ní 2004, ti ìwádìí ni, kìlówáàtì bí 30 péré. Bí wọ́n bá kọ́ ńlá lọ́la, ẹ jẹ́ ká bèèrè: ta ni yóò máa ṣẹ́ ègé irin wò, ṣé òṣìṣẹ́ yóò sì rí èsì rẹ̀?