Pẹ́dà Kékeré fún Gìtá Oníná

[Ìró gìtá wọlé, ó rọra lọ sílẹ̀]

Ẹ jẹ́ ká fi Zoom G1X Four ṣe àpẹẹrẹ pẹ́dà tó kó oríṣiríṣi ohùn sínú. Ó wọ inú àpò gìtá, bátìrì AA mẹ́rin sì ń gbé e bí iná bá lọ. Ó lè lo ìyípadà ohùn 5 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, gìtá yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ má jẹ́ kí ohùn tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ gbà yín lọ́kàn. Gbohùngbohùn inú àwọn ohùn náà sábà máa ń pọ̀ jù. Ó dùn nínú ìyàrá, ṣùgbọ́n bí dùǹdún àti kíbọ́ọ̀dù bá wọlé, gbogbo ohùn gìtá á rì. Ẹ dín in kù. Fún jùjú, ohùn tó mọ́ ló dára jù lójú tèmi, pẹ̀lú gbohùngbohùn díẹ̀ tó bá ìlù rìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: bó bá jẹ́ míksà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ kì í bọ̀, ẹ tan àfarawé áńpù àti àpótí sípíkà inú pẹ́dà náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á máa ha etí. Bó bá jẹ́ áńpù gìtá gidi, ẹ pa á.

Ẹ má yá ṣájà kíbọ́ọ̀dù lò láìwo àmì ara rẹ̀: fóòtì 9 ni pẹ́dà yìí ń lò, àmì òdì ló sì gbọ́dọ̀ wà láàrin ẹnu ṣájà náà.

[Gìtá gòkè]