Kí Ẹ Tó Wọ Wọ́ọ̀dù
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn inú ìjọ wa àti àwọn òbí wọn sọ ní Àpéjọ Gbogbogbòò

Iṣẹ́ kan ni àwọn alàgbà fi rán wa: kí a bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀, àwọn tí wọn yóò kúrò nídìí ìwé lọ́dún yìí tí wọn yóò sì lọ máa kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn. Oníṣègùn ni àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, a sì ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Láti inú àṣìṣe wọnnì ni a ó ti mú púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Kí àwọn òbí lè máa bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ náà ti rí. Ní Nàìjíríà, ọdún 6 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń kọ́ ìṣègùn. Ìdajì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yà ara ènìyàn, àti bí ara ti ń ṣiṣẹ́. Òkú ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀yà ara, òkú kì í sì í kérora. Bí wọ́n bá yege nínú ìdánwò ńlá tí ó parí apá yìí, nígbà náà ni wọn yóò wọ kóòtù funfun, tí wọn yóò máa ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn: ti àwọn àgbàlagbà, ti àwọn tí a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ti àwọn aboyún, ti àwọn ọmọdé, ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Ọmọ tí ó ti ń gba ipò kìn-ín-ní láti ọdún yìí wá lè dúró níwájú ìyá arúgbó kan kí ó má mọ ohun tí òun yóò kọ́kọ́ sọ. Kí ó má ṣe rò pé òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún gbogbo wa.

Oore ńlá ni pé ẹ lè kọ́ apá kejì yìí láàárín àwọn ènìyàn yín. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ibẹ̀ ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Ìlú Ọba, nítorí ilé ìwòsàn ìkọ́ni kò tíì sí nílẹ̀. Ọdún 1957 ni a tó ṣí èyí tí a mọ̀ sí UCH. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ó wà nílé kí ó rò pé òun gbọ́ èdè àwọn aláìsàn. Ìtàn kan ni èyí mú wá sí ìrántí wa.

Nígbà tí àwa fúnra wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn kan ní Òkè Ọya ni a wà. Èdè Haúsá tí a gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. A fi bàbá arúgbó kan lé wa lọ́wọ́, àgbẹ̀ ni, inú rírun ni ó gbé e wá. Iṣẹ́ wa ni kí a máa bẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kí a sì kọ bí ó ti jí sínú ìwé. Láràárọ̀ ni a ń bi í pé, “Yaya jiki?” èyí ni pé, báwo ni ara? Láràárọ̀ ni ó sì ń dáhùn pé, “Da sauƙi,” ara tù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń kọ ọ́ sílẹ̀: aláìsàn sọ pé ara òun ń yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, dókítà àgbà tí ń kọ́ wa dé. Ó ka ohun tí a kọ, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí aṣọ kúrò lára bàbá, ó rọra gbé ọwọ́ lé e nínú. Inú náà le bí pátákó. Ìfun rẹ̀ ti lu. Kí oòrùn tó kan àtàrí ni wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Dókítà náà kò bú wa. Ìyá nọ́ọ̀sì kan tí ó ti wà ní wọ́ọ̀dù náà kí a tó bí wa ni ó pè wá sẹ́yìn. Ó ní, “Ọmọ Yorùbá, bí wọ́n bá bi ìyá rẹ nílé pé ṣé àlàáfíà ni, kí ni yóò dáhùn?” A ní yóò dáhùn pé a dúpẹ́. Ó ní, “Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán ńkọ́?” A dákẹ́ díẹ̀, a sì ní yóò ṣì dáhùn pé a dúpẹ́. Ó ní, “Ìkíni ni bàbá náà ń jẹ́. Ìwọ ni o kọ ìkíni sílẹ̀ tí o pè é ní ìròyìn àìsàn.”

Ọlọ́run dá ẹ̀mí bàbá náà sí. Ọ̀sẹ̀ 6 ni ó lò. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń mú un lọ sílé, ó na ọwọ́ sí wa, ó ní, “Sannu, likita,” a kò sì lè gbé ojú sókè wò ó.

Nítorí náà, ẹ kí wọn, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì kí wọn ní èdè wọn. Ẹni tí ń lọ sí Zaria kí ó kọ́ Haúsá kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ń lọ sí Kùmásì, kí ó mọ̀ pé bí òun bá béèrè àlàáfíà ní èdè Twi, “Me ho yɛ” ni òun yóò gbọ́, ara mi le, lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ kò le rárá. Lẹ́yìn ìkíni ni kí ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ẹ jẹun lánàá? Kí ni ẹ jẹ, ṣé ó sì dúró nínú? Ìgbà wo ni ẹ yàgbẹ́ gbẹ̀yìn? Ẹ fi ìka kan hàn wá ibi tí ó ń dùn yín gan-an. Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe ní oṣù tó kọjá tí ẹ kò lè ṣe mọ́? Ẹni tí ó bá dáhùn pé òun kò lè gun òkè odò ilé òun mọ́ láìdúró sinmi ti sọ ohun púpọ̀ nípa ọkàn rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ní èdè tiwa pàápàá, ẹ má ṣe yára gbà pé ẹ ti gbọ́. Bí bàbá kan bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ń da òun láàmú, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rí nínú ìgbẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ni ó ń ro ó, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àárín òun àti aya rẹ̀ ni ojú ń tì í láti sọ. Ibà náà ńkọ́? Ohun gbogbo tí ó bá gbóná ni ibà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Ẹ bi í pé kí ó ṣàpèjúwe.

Nígbà tí ó bá kan àyẹ̀wò ara, ẹ tọrọ àyè. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a wo inú yín.” Ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní Bẹ́ẹ̀dì 7, ó ní orúkọ, ó sì lè jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò kan ń dọ̀bálẹ̀ fún. Bí obìnrin bá ni aláìsàn tí ọkùnrin sì ni akẹ́kọ̀ọ́, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ojú ni ẹ ó kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà ìka tí a fi ń kan ara bí ìgbà tí a bá ń kan agbè láti mọ ibi tí ẹmu dé. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó tó fi ẹ̀rọ sí etí. A ń rí àwọn ọmọ tí ń fi ẹ̀rọ náà kọ́ ọrùn wọ ilé oúnjẹ, wọ ilé ìjọsìn pàápàá. Laennec ará Faransé tí ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1816, ìwé tí ó ká jọ bí òpó ni ó kọ́kọ́ lò, nítorí ó tijú láti gbé etí lé àyà ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Ìtìjú ni ó bí i. Kí a má ṣe sọ ọ́ di ìgbéraga.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ kò ṣe é fojú fò, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ̀yin ni ọ̀ràn náà kàn. Ní ìlú Vienna, ilé ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà nínú ilé ìwòsàn ńlá kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí ní èkejì. Ikú àwọn abiyamọ pọ̀ ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ti èkejì lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aboyún fi ń bẹ̀bẹ̀ kí a má gbé wọn lọ síbẹ̀. Dókítà Semmelweis rí i pé láti yàrá tí wọ́n ti ń ya òkú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá tààrà sọ́dọ̀ àwọn tí ń rọbí. Ní oṣù May 1847, ó pàṣẹ kí olúkúlùkù fi omi oògùn kílórínì fọ ọwọ́. Ní oṣù April, nínú 100 abiyamọ, ó lé ní 18 tí ó kú. Nígbà tí yóò fi di oṣù June, bí 2 ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọnnì kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ rere ni wọ́n, òmíràn nínú wọn á sì ti gba àdúrà kí ó tó jáde nílé.

Ẹ ṣọ́ ara tiyín pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà fún àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hẹpatáítìsì B. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sábà máa ń gbà á, láàárín oṣù 6, nítorí náà kò yẹ kí a dúró di ọjọ́ tí a ó wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra aṣọ àpèjẹ fún ayẹyẹ kóòtù funfun, ẹ béèrè bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ yìí. Bí abẹ́rẹ́ tí a ti lò bá gún un lọ́wọ́, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kí ó sì lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tí ó lè dènà kòkòrò HIV wà, ṣùgbọ́n kí wákàtí 72 tó kọjá ni a gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó sì ti yá tó ni ó ti dára tó. A mọ àwọn tí ojú tì tí wọ́n fi pa á mọ́ra. Gbogbo wa sì rántí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó kọ̀ ní oṣù July 2014 láti jẹ́ kí aláìsàn tí ó gbé Ẹ̀bólà wọ Èkó jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù August ni àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù fún wa láti sọ níwájú ìjọ ni èyí. Ẹ ó bá ará ìjọ wa pàdé ní wọ́ọ̀dù. Ẹ ó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ní ọjọ́ ìsinmi, alàgbà kan yóò fi ìfẹ́ bi yín pé, kí ni ó ń ṣe Ìyá lágbájá, kí a lè mọ bí a ó ti gbàdúrà? Ẹ má ṣe sọ. Ẹ dáhùn pé, “Bàbá, ẹ gbàdúrà fún un, òun fúnra rẹ̀ ni ó lè sọ ìyókù.” Ẹ̀yin alàgbà, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi oyè àti ọjọ́ orí gba àṣírí lẹ́nu ọmọdé. A ti rí ilé tí ó tú ká nítorí àkọsílẹ̀ àdúrà tí a kà sókè.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ń bi wa ní ìkọ̀kọ̀ náà wà: ṣé kì í ṣe pé a ń fi ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wa sílẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn. Ní 1918, nígbà tí influẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ará kan kó ara wọn jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti inú irú ìkójọpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ aládùúrà ti jáde. Ní ọdún náà, kò sí oògùn kan lọ́wọ́ dókítà dúdú tàbí funfun tí ó lè wo àrùn náà. Àwọn bàbá wa kò kọ ẹ̀yìn sí oògùn tí ń wo àrùn yẹn, nítorí kò sí. Lónìí, ìyá tí gìrì gbé ọmọ rẹ̀ ní oògùn ibà, tí a sì sọ fún un pé kí ó dúró parí àwẹ̀ ọjọ́ 3, ipò rẹ̀ kò jọ tiwọn. Hesekáyà gbàdúrà, Wòlíì Aísáyà sì ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀. Oníṣègùn ni Luku. Bí aláìsàn bá ní kí ẹ gbàdúrà fún òun, ẹ gbà á ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì rí i pé ó lo oògùn rẹ̀. Bí kò bá béèrè, bí Mùsùlùmí bá ni, ẹ gbàdúrà nínú ọkàn yín, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ tí ó wà níwájú yín.

Ní ti òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe ọmọ ní dókítà kí ó tó di dókítà, kí ẹ wá máa kó gbogbo àìsàn ilé wá bá a. Òfin kò gbà á láyè láti kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ ìjọba tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sì dé láti wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kan tí kò fẹ́ jẹun, ẹ má ṣe bi í léèrè púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tí ó bá sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ti kú ní ọ̀sán. Ẹ jókòó tì í.

Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tí wọn yóò wọ wọ́ọ̀dù lọ́dún yìí dúró sí apá òsì àgọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ yóò fi bí a ti ń fọ ọwọ́ hàn, títí dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. A ó bi olúkúlùkù nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó rẹ̀, kí ó wá sọ fún wa ní ìkọ̀kọ̀. A ti yọ owó sílẹ̀ fún un, a kò sì ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni sókè.