Ẹni Tí Ó Ra Eré, Ṣé Òun Ni Ó Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ eré tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo mú wá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà kéde pé ẹ̀rọ wọn tuntun, Xbox One, gbọ́dọ̀ máa kan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eré kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra àwo eré kò sì ní lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó tà á bí ó ti wù ú. Ọ̀gá wọn kan tilẹ̀ wí pé kí ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì máa lo Xbox 360. Ẹ gbọ́ èsì!

Àwọn oníbàárà fárígá. Sony ní tiwọn sọ pé PlayStation 4 kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, Microsoft yí ìpinnu padà. Ṣùgbọ́n ètò tí ìbá jẹ́ kí ènìyàn 10 nínú ẹbí kan jọ máa pín eré lò bá a lọ. Ó yẹ kí wọ́n dá ìyẹn sí.

Kò burú kí ilé-iṣẹ́ dènà olè, nítorí òógùn ojú oníṣẹ́ ni eré. Ṣùgbọ́n kí àgádágodo náà má ti olówó mọ́ta. Nígbà tí Nintendo ti ìsọ̀ 3DS orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2023, ó fi àyè sílẹ̀ kí àwọn tí ó ti rà tẹ́lẹ̀ tún lè gba tiwọn. Ní California, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025 ní kí olùtajà sọ ọ́ gbangba bí ó bá jẹ́ àṣẹ lílò lásán ni ó ń tà. Kí ẹ tó sanwó fún ọmọ yín, ẹ bèèrè èwo ni ẹ ń rà.