Orúkọ Ìmọ́lẹ̀ àti Àpèjúwe Ìmọ́lẹ̀ Nínú Àwòrán Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ń sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán, irú bíi Midjourney àti Stable Diffusion tí wọ́n dé ọwọ́ aráyé ní ọdún 2022, kò ní iná, wọn kò ní fèrèsé, wọn kì í sì í ṣírò ibi tí oòrùn wà. Ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni ìbátan tí wọ́n ti rí láàárín àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ mọ́ ọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú àkójọ LAION-5B, tí àwòrán alákọlé inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 5, ni a ti ṣa èyí tí a fi kọ́ Stable Diffusion. Bí òǹlò bá tẹ ọ̀rọ̀ ìtọ́ni, èyí tí í ṣe gbólóhùn tí ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò yà, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tótòtó tí kò jọ nǹkan kan, yóò sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ irú àwòrán tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bá rìn. Ìdí nìyí tí "ìmọ́lẹ̀ tó rẹwà" kì í fi í mú ohun pàtó wá, nígbà tí orúkọ tí àwọn onífọ́tò fi ń pe ètò iná wọn máa ń mú un wá.

Ìmọ́lẹ̀ Rembrandt wà lára èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands tí ó gbé ayé láti ọdún 1606 sí 1669 ni a fi sọrí rẹ̀. Iná kan ni a gbé ga ju orí lọ, tí a sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí dígírì 45, tí òjìji imú fi nà títí ó fi kan òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó wá ku ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta lábẹ́ ojú tí ó wà ní apá òkùnkùn. Ní ti ìmọ́lẹ̀ labalábá, ọ̀kánkán iwájú lókè ni iná ti ń wá, òjìji tí ó jọ labalábá sì máa ń hàn lábẹ́ imú, bí ó ti hàn nínú àwọn fọ́tò òṣèré Marlene Dietrich ní Hollywood ní ọdún 1930 sí 1939. Wákàtí wúrà kò nílò àlàyé púpọ̀: ìmọ́lẹ̀ pupa-rúsúrúsú ìgbà tí oòrùn bá sún mọ́ ilẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti awọ dúdú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí a ya obìnrin aláwọ̀ funfun sí, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni àwọn ilé tí ń fọ fọ́tò Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀, tí ojú àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń sọnù sínú òkùnkùn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára ogún tí ẹ̀rọ jẹ. Nítorí náà, orúkọ ìmọ́lẹ̀ nìkan lè gbé ojú aláwọ̀ funfun wá, ó sì lè mú kí ẹ̀rọ bó awọ dúdú.

Nígbà tí onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Mali, Seydou Keïta, ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní ọdún 1948, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ní àgbàlá ni ó fi ń ya ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, awọ wọn sì hàn kedere. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kò ní orúkọ tí ó gbajúmọ̀ bíi ti Rembrandt, bẹ́ẹ̀ ó tọ́ sí i gidigidi. Àpèjúwe ni òǹlò gbọ́dọ̀ fi pè é. Awọ dúdú máa ń fi ìrísí ojú hàn nípa dídán, torí náà ìtọ́ni tó yè kooro yóò lọ báyìí: "obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ńlá láti ọwọ́ òsì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé náà, dídán hàn ní iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ògiri ẹ̀yìn kò mọ́lẹ̀ ju ojú lọ." Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, nítorí náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀ ti ṣì ń gbéṣẹ́ jù, ohun tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá bá àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ sọ.

Bí àwòrán bá jáde, ẹyinjú ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí ìmọ́lẹ̀ inú ẹyinjú bá wà ní òsì, tí òjìji imú náà sì tún nà sí òsì, ìmọ́lẹ̀ méjì tí kò bára mu ni ẹ̀rọ dà pọ̀. Bí orúkọ ìmọ́lẹ̀ méjì bá wà nínú ìtọ́ni, ọ̀kan nínú wọn ni a ó yọ kúrò kí a tó tún un yà.