Kí Ni Kí Á Kọ́kọ́ So Mọ́ Katakata?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni ọ̀rọ̀ tòní dúró lé. Bí àgbẹ̀ kan, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, bá fi ọ̀pọ̀ ọdún tu owó jọ títí wọ́n fi ra katakata kékeré, ìnáwó kò tíì parí. Ìbéèrè tí ó kù ni ti ohun èlò tí wọn yóò máa so mọ́ ọn: èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, èwo ni kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú, èwo ni kí wọ́n kúkú máa yá lò? Ẹni tí ó bá ṣi èyí yàn lè rí i pé katakata di ohun tí adìyẹ ń sùn lé lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tí gbèsè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àgbègbè Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ àti iṣẹ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ nínú.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ó yé wa bí katakata ṣe ń ṣiṣẹ́. Katakata kékeré ni èyí tí agbára rẹ̀ wà láàrin agbára ẹṣin 15 sí 50. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà lo agbára náà. Èkíní ni fífà: ó ń fa ohun tí a bá fi kọ́ ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì ni gbígbé: apá irin mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lè gbé ohun èlò sókè tàbí kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó sọ ọgbọ́n apá mẹ́ta yìí di ohun tí ayé ń lò. Katakata Ferguson-Brown tí ó jáde ní 1936 ti ní in lára. Ẹ̀kẹta ni yíyí: ọ̀pá irin kan yọ sí ẹ̀yìn, tí ó sábà máa ń yí ní ìgbà 540 láàrin ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ń fi agbára ẹ́ńjìnnì fún ohun èlò tí ń gé igbó, tí ń fa omi tàbí tí ń lọ nǹkan. Nítorí náà, katakata fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe àdá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agbọ̀n. Ohun tí a bá so mọ́ ọn ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀kan nínú wọn.

Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìṣọ̀kan. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn kò lè gbàgbé ọjà Àpòmù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò, aáwọ̀ tí ó sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu. Ẹrù tí ó kún ọjà náà, orí ènìyàn ni ó gbé e débẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ ń sáré lójú ọ̀dà, ṣùgbọ́n láti inú oko dé etí títì, orí ni ọ̀pọ̀ ẹrù ṣì ń gùn. Kòkó, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n tí ó ti dẹ̀ ni àwọn obìnrin ń fi ata sí, tí wọ́n ń dín in di dòdò Ìkirè tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ bí ẹni mọ owó.

Orúkọ Àpòmù tún wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀. Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery ṣe ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ àti ìlò rẹ̀ ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi ilẹ̀: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Àpòmù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní Àpòmù ni ilẹ̀ oníyanrìn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tí ọ̀gbàrá ti wọ́ kalẹ̀ láti òkè wá láti ọjọ́ pípẹ́. Omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ìwó àti Ẹgbẹ́dá wà lókè. Erùpẹ̀ dáradára tí ó bò wọ́n lójú kò nípọn, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa tí kò ka ìwé mọ irú ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Wọn a pe ọ̀kan ní ilẹ̀dú, wọn a pe òmíràn ní ilẹ̀ yanrìn, wọn a pe òmíràn ní àkùrọ̀, wọn a sì mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbìn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ohun èlò, kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó lápò.

Ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó ra katakata ni irin ìtúlẹ̀, èyí tí ó ní àwo irin roboto. Kò yani lẹ́nu. Òun ni a ń rí nínú àwòrán, ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú a sì máa wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti àwọn olùwádìí. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ kan, ṣiṣẹ́ láti 1970 di 1987 ní IITA ní Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní 1967, níbi tí irú àwọn ilẹ̀ tí a ń sọ yìí gan-an wà. Ó ṣe ìdánwò lórí ilẹ̀ tí ó da gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n 1, 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rí i pé ibi tí a tú tí a sì fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, òjò ń gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ibi tí a kò tú, tí a fi koríko gbígbẹ bò, erùpẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní 2020 ni ó gba World Food Prize nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Èyí kò sọ ìtúlẹ̀ di èèwọ̀. Ohun tí ó ń wí ni pé kí a má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Irin tí ó bá wọlẹ̀ jù lórí ilẹ̀ Ìwó tàbí Ẹgbẹ́dá yóò hú òkúta wẹ́wẹ́ sókè, yóò sì ri erùpẹ̀ dáradára mọ́lẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, àkókò ìtúlẹ̀ kò gùn: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù kẹta àti ìkẹrin, àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mìíràn nígbà tí òjò bá padà lẹ́yìn ọ̀dá kékeré oṣù kẹjọ. Kí ni katakata yóò máa ṣe ní oṣù tí ó kù?

Kí a ṣe bí ẹni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan péjọ ní Àpòmù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, dìde, ó ní:

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, irin ìtúlẹ̀ ni kí á rà. Bí a kò bá túlẹ̀, ta ni yóò gbà pé a ní katakata?”

Ìyá àgbàlagbà kan tí ń ṣe gàrí bi í léèrè pé: “O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀gẹ́ tí a ó gbìn sórí ilẹ̀ tí o fẹ́ tú yẹn, ta ni yóò rù ú wálé?”

“Ìyá, a ó wá alábàárù.”

“Alábàárù dà, ọmọ mi? Àwọn géńdé tí ń ru ẹrù tẹ́lẹ̀ ti gun ọ̀kadà lọ. Èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi ni ó kù, ìwọ náà ni o sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá pẹ́ dé ilé-ìwé.”

Ilé rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bàbá alága wá sọ̀rọ̀: “Ìyá ti là wá lójú. Akọ̀wé, mú bírò rẹ kí á ṣírò ọ̀rọ̀ yìí.”

Ìṣirò náà kò le. Bí hẹ́kítà kan bá mú tọ́ọ̀nù 10 ẹ̀gẹ́ jáde, kílò 10,000 ni. Bí ènìyàn kan bá ń ru kílò 25 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 400 ni yóò ru ẹrù. Bí oko bá sì jìnnà sí títì ní kìlómítà 2 péré, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 1,600. Ẹni tí ó rin ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti rìn ju láti Èkó dé Kánò lọ, ìdajì ìrìn náà ni ó sì fi ru ẹrù lórí. Ọkọ̀ ẹrù kékeré tí katakata ń fà, èyí tí a ń pè ní tírélà, yóò kó ẹrù kan náà ní ìgbà 10 bí ó bá ń gba tọ́ọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàrin ọjọ́ 2 sí 3, inú rẹ̀ a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, iye rẹ̀ lọ́jà a sì já wálẹ̀.

Nítorí náà, ní Ìkirè àti Àpòmù, tírélà ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kò sí oṣù tí kò ní iṣẹ́ fún un. Yóò kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi tí a ti ń ṣe gàrí, yóò kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn onídòdò, yóò kó kòkó ní ìgbà ìkórè, yóò gbé omi àti ọ̀gbìn lọ sí oko. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ pàápàá yóò máa sanwó láti fi kó ẹrù wọn, owó náà yóò sì máa bá gbèsè jà.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ agégbó, tí ọ̀pá ayípo ẹ̀yìn katakata ń yí ọ̀bẹ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ náà bá kọlu kùkùté, kì í yára dá, nítorí pé a fi ìdè tí ó lè tẹ̀ sẹ́yìn dè é. Koríko tí ó bá gé yóò wà lórí ilẹ̀ bí aṣọ, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti fi hàn pé ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé kí a ní nǹkan bí agbára ẹṣin 5 lórí ọ̀pá ayípo fún ẹsẹ̀ bàtà kan ìbú ẹ̀rọ náà. Katakata tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 25, tí nǹkan bí 20 ń dé orí ọ̀pá, kò yẹ kí ó ru ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì wakọ̀ wọ inú oko kòkó àtijọ́ tí igi rẹ̀ kò tò ní ìlà. Gbòǹgbò tí kòkó fi ń jẹun súnmọ́ ojú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fi irin ha ibẹ̀, oúnjẹ igi ni ó gé.

Ẹ̀kẹta ni irin ìkọbè. Ó ń kọ ebè gbọọrọ fún ẹ̀gẹ́. Bí ebè bá fi mítà kan jìnnà síra, tí igi ẹ̀gẹ́ náà sì fi mítà kan jìnnà síra, igi 10,000 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Òfin kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ yẹ̀: kí ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ó bá dojú kọ ìsàlẹ̀, a ti la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ yóò sì bá omi lọ.

Irin ìtúlẹ̀ wá di ìkẹrin, èyí tí ẹgbẹ́ lè máa yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Àwo kan tàbí méjì ni katakata kékeré lè fà. Àwo mẹ́ta jẹ́ ti àwọn òbí rẹ̀. Ohun èlò ìgbẹ́hò àti irin ìkóyẹ̀pẹ̀ iwájú dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni iṣẹ́ wọn lọ́dún. Ọkọ́ àti ọwọ́ ènìyàn ṣì lè ṣe é.

Ìkìlọ̀ ni ó kù. Kí ideri ọ̀pá ayípo má ṣe kúrò níbẹ̀ láéláé, nítorí pé ọ̀pá tí ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan kò mọ apá bùbá yàtọ̀ sí apá ènìyàn. Kí ọmọdé má ṣe dúró sórí ìkọ́ láàrin katakata àti tírélà. Bí ẹrù bá wúwo ju katakata lọ, òun ni yóò máa tì í bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Kí awakọ̀ ti fi jíà kékeré sí i láti òkè, kí ó má ṣe dúró di àárín gẹ̀rẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò ìgbà 400 yìí yẹ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ọ̀nà oko òbí wọn, kí wọ́n béèrè iye ẹrù tí wọ́n ń rù, kí wọ́n sì wo àwọ̀ omi òjò tí ń ṣàn kúrò nínú oko. Bí omi náà bá pupa, erùpẹ̀ ni ó ń bá a lọ. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí ẹrù ti wúwo àti ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣá, ẹni náà ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó so mọ́ katakata. Ìyá onígàrí ti ìpàdé wa kò mọ agbára ẹṣin, ṣùgbọ́n ó mọ ìwọ̀n ẹrù, nítorí pé orí rẹ̀ ni ó fi wọ̀n ọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè kí a tó náwó ẹgbẹ́.